Efúntọ́lá Tó Pe Aṣẹ́gità Ní Ẹ̀gbọ́n

Ní ọdún tí à ń wí yìí, ẹnubodè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìlú Ìmọ́jẹ̀ wà ní títì pa. Kì í ṣe ogun ni wọ́n tì wọ́n fún. Àwọn onígbàgbọ́ méje ló wà nínú ìlú, ọba kò sì fẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà sá lọ. Olú Ìmọ́jẹ̀, ọba náà, ti pàṣẹ pé ẹni tó bá pe orúkọ Jésù ní gbangba yóò wọ ààbà, bó bá sì kú síbẹ̀, òkú rẹ̀ kò ní wọ ilẹ̀. Ẹni tó bá tọrọ irú òkú bẹ́ẹ̀ ti gba ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ rù: ilé àti ọjà rẹ̀ di ti ọba, yóò sì kúrò ní ìlú kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, pẹ̀lú ẹrù orí kan ṣoṣo.

Ẹni kẹjọ wà tí ọba kò mọ̀. Efúntọ́lá ni, ọmọ aláró tí ń sọ òwú funfun di dúdú kinkin, obìnrin ọlọ́lá tó ní ìkòkò aró mẹ́tàlélógún. Ọdún kejì rèé tó ti gba Jésù gbọ́ nínú yàrá, tó ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tí ń jí ẹran nínú ìkòkò. Jòsáyà aṣẹ́gità ló wàásù fún un, ẹrú àná tó máa ń ru igi tí wọ́n ń sun fún eérú aró wá sí àgbàlá rẹ̀. Nígbà tó pe orúkọ náà ní gbangba, wọ́n fi Jòsáyà sínú ààbà láìfún un lóúnjẹ, wọ́n ní, "Ta ló kù nínú yín?" Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ keje ló kú, wọ́n tẹ́ ẹ sí ojúde ọba nínú oòrùn gangan.

Efúntọ́lá kò lè jẹun. Ọmọ oṣù mẹ́fà wà lọ́mú, èyí tó dúró dè fún ọdún méjìlá, tí bàbá rẹ̀ sì kú láìrí i. Bó bá dákẹ́, òkú ẹni tó bò ó láṣìírí ni ajá yóò jẹ. Bó bá sọ̀rọ̀, níbo ni yóò gbé ọmọ yìí sùn? Ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ìkòkò, ó tún ń padà.

"Jókòó, o jàre," ni Ìyá Àwẹ̀ró wí, àgbà àwọn tó ń bá a rẹ aṣọ. Òun nìkan ló fura. "Ọlọ́run tó ń gbọ́ ẹ nínú yàrá, ṣé etí rẹ̀ ti di ni? Pa ẹnu mọ́, kí o tọ́ ọmọ rẹ."

"Ìyá, bí mo bá tọ́ ọmọ yìí tán, kí ni n ó sọ fún un pé mo ṣe lónìí?"

Ó pọn ọmọ, ó gba ààfin lọ ní ọ̀sán gangan. Ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo ìjòyè.

"Kábíyèsí, òkú ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá tọrọ."

Jagun, ọ̀kan nínú wọn, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n kẹ̀? Ìwọ Efúntọ́lá! Ẹrú aṣẹ́gità ni ìyá rẹ bí ṣáájú rẹ?"

"Jagun, ìyàwó kejì ilé yín, ọmọ ọlọ́lá ni. Ta ló ń kúnlẹ̀ kí?"

"Ìyáálé ni, kò sí àní-àní."

"Kí ló dé? Ṣebí ọmọ tálákà ni ìyáálé. Nítorí pé ó ṣáájú wọlé ni. Jòsáyà ṣáájú mi wọ ilé Jésù. Ọdún kejì rèé tí èmi náà ti wà nínú ilé náà. Ẹ̀rù ló ń bà mí tí n kò fi wí. Ó ṣì ń bà mí báyìí."

Olú ní, "O mọ òfin?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Jagun ní, "Ẹrù kan lòfin wí o. Òkú ni àbí ọmọ?"

Efúntọ́lá di ọ̀já mú. "Ẹrù orí lòfin wí, Jagun. Ẹ̀yìn mi kò sí nínú òfin yín."

Olú yíjú sí Jagun. "Òótọ́ ló wí," ló sọ. "Ẹ jẹ́ ó máa lọ."

Àwọn ènìyàn rò pé yóò ya ilé fi iyùn ṣe ẹrù orí rẹ̀ dípò òkú. Kò yà. Ọdún mẹ́wàá ló fi ru ewé ẹlú kó tó lówó, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì gbàgbé. Ó fi ẹní wé Jòsáyà, tí ebi ti sọ di fúyẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e karí. Kò sẹ́ni tó bá a fọwọ́ kan án. Gbogbo ilẹ̀kùn ń tì bó ti ń kọjá. Oníbodè ṣílẹ̀kùn, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọrùn rẹ̀ gbé e dé ìdí òkè kan, ó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ń fi àpáàdì gbẹ́ ilẹ̀, ọmọ ń ké, nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá Àwẹ̀ró ni, pẹ̀lú iná nínú ìkòkò àti ọkọ́ léjìká.

"Mo ní kí o pa ẹnu mọ́, o kò gbọ́. Gba ọkọ́. Kó ọmọ yẹn fún mi."

Ibẹ̀ ni ìlú Ìsọ̀kalẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ mẹ́fà tó kù dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí ààbà sú Olú, tó sì ṣí ẹnubodè. Aró tún hó, owó tún dé. Ṣùgbọ́n ní Ìsọ̀kalẹ̀, a kì í sin ọlọ́lá sínú ilé. Ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo òkú wà, bí wọ́n ti ń kú tẹ̀ léra, láti orí Jòsáyà. Bí ẹ bá débẹ̀, tí ẹ bá ń wá Efúntọ́lá, ẹ má wulẹ̀ wo ibi tó ga. Ẹ máa kà láti orí Jòsáyà. Òun ni ìkọkàndínlógún, láàrin ọmọ ọwọ́ ọdẹ kan àti àlejò tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.