Kókó Ara Gbòǹgbò Ẹ̀wà

Adégòkè, gbọ́! Ọkùnrin àgbẹ̀ kan wà, ilẹ̀ rẹ̀ dára, ẹnu rẹ̀ ni kò dára. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Má tíì pe ọlọ́kadà tí yóò gbé àpótí ìyàwó rẹ lọ. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Àgbàdo ni ọkùnrin náà ń gbìn. Ìyàwó rẹ̀ a máa gbin ẹ̀wà sáàárín rẹ̀, bí àwọn obìnrin ìlú wọn ti ń ṣe. Bí wọ́n bá ká ẹ̀wà tán, kì í jẹ́ kí wọ́n fà á tu, kì í jẹ́ kí wọ́n sun ewé rẹ̀. Obìnrin náà á ní kó jẹrà síbẹ̀. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó bá gbá lágbàlá, oko náà ló ń dà á sí. Àgbàdo wọn ń yọmọ gbọ̀ǹgbọ̀n-gbọ̀ǹgbọ̀n. Àwọn èèyàn á ní, "Àgbà àgbẹ̀!" Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín. Kò sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n kí ìyàwó òun.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ́ tí ọkùnrin náà fi ń roko hú ẹ̀wà kan tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ó rí kókó wínníwínní lára gbòǹgbò náà, bí ara ọmọ tí ooru mú tó sú.

"Kí rèé? Àrùn lo ń gbìn sínú oko mi!"

"Bàbá Àlàbá, kì í ṣe àrùn. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Lóko ìyá mi náà…"

"Má dárúkọ ìyá ẹ fún mi! Àgbàdo ń ṣiṣẹ́, ẹ̀wà jókòó sábẹ́ ẹ̀, ó ń bá a jẹun. Ìwọ àti ẹ̀wà ẹ, ọ̀kan náà ni yín."

Ó fa gbogbo ẹ̀wà tu, ó sun ún. Ó lé obìnrin náà. Obìnrin náà bu irúgbìn ẹ̀wà sínú kèrègbè, ó kọjá sí òdìkejì odò, níbi tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti fún un ní ilẹ̀ díẹ̀.

Gbọ́ ohun tí òpè yẹn kò mọ̀. Oúnjẹ tí irúgbìn ń jẹ tí ewé rẹ̀ fi ń dúdú kún inú afẹ́fẹ́ yìí. Náítírójìn ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà nínú afẹ́fẹ́, àgbàdo ò lè jẹ ẹ́, bí ìwọ náà ò ṣe lè jẹ iṣu tútù. Ó gbọ́dọ̀ rí ẹni sè é. Inú kókó wọ̀nyẹn ni àwọn ohun alààyè tí ojú ò lè rí ń gbé. Àwọn ló ń mú un nínú afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń sè é fún ẹ̀wà. Bí ẹ̀wà bá jẹrà, ilẹ̀ á gbà á, àgbàdo ọdún tó ń bọ̀ á jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ á jẹ pòròpórò, ìgbẹ́ rẹ̀ á padà sílẹ̀, díẹ̀ á tún fò padà sínú afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń yí. Ohun tí ọkùnrin yẹn pè ní àrùn, ilé ìdáná ni.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àgbàdo ṣì ṣe dáadáa. Ó ń fọ́nnu kiri. Òmùgọ̀! Èyí tí obìnrin náà sè sílẹ̀ ló ṣì ń jẹ. Nígbà tó yá, ewé ìsàlẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, tòkè náà sì tẹ̀ lé e. Ó ra ajílẹ̀ funfun, ó dà á bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Òjò ńlá gbá ajílẹ̀ náà lọ sínú odò. Odò di àwọ̀ ewé, ó ń rùn, ẹja léfòó. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi níbẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Ẹ wá wo ọkùnrin tó lé alásè, tó ń da iyọ̀ sínú ìkòkò òfìfo!"

Ló bá kọjá odò. Àgbàdo ìyàwó rẹ̀ dúdú minijọ. Ó bẹ̀ ẹ́ títí.

Obìnrin náà ní, "Ilẹ̀ yìí mọyì mi." Ó bu ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ kan fún un pé kó lọ gbìn ín. Òun kò bá a lọ.

Ìwọ ni ọkùnrin yẹn, Adégòkè. O ní kí ni ìyàwó rẹ ń ṣe nílé ju kó jókòó kó máa jẹ ọ́ lọ. Ta ló ń fọ aṣọ tí wọ́n fi ń pè ọ́ ní ọ̀gá níbi iṣẹ́? Ìyá wa tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, ta ló ń yí i padà lórí ibùsùn tí egbò kò fi dá sí i lẹ́yìn? Ọjọ́ wo lo rí iṣẹ́ ìyàwó rẹ? O ò lè rí i. Abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà, bíi kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà. Ìwọ kúkú ni àgbàdo tó ga, tí wọ́n ń kí.

Àpótí rẹ̀ wà lójúde, òun náà jókòó lé e, òjò sì ti ṣú. Dìde. Fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wọlé, má rán ẹnikẹ́ni. Bí ó bá kọ̀ tí kò dìde, jókòó tì í, kí òjò náà pa yín pọ̀.