Jíìpù Tó Ń Bọ̀

Jíìpù àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ Ọlátẹ́jú kì í kọ ẹrẹ̀, kì í kọ òkè. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé, "Àjàní, gbé mi dé Ìdófin, kí n fojú kan ẹ̀gbọ́n mi."

Ọlátẹ́jú fi àwòrán jíìpù mìíràn hàn án lórí fóònù. "Irú tiwa náà ni, Màmá, wọ́n ń ṣe é lákọ̀tun ni, kò tíì jáde. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe fẹ̀! Ẹ ó na ẹsẹ̀ yín gbọọrọ dé Ìdófin."

"Èyí tó wà nílẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti tà á."

Ìyá mirí. "A kì í tìtorí òjò tó ṣú da omi inú àmù nù, ọmọ mi."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sún ọjọ́ ìjáde ọkọ̀ náà síwájú. Láràárọ̀ ni Ìyá ń bèèrè, "Ṣé ó ti dé?" Nígbà tó dé, kò sí ẹni tó bèèrè mọ́.

Ìdófin ni Ìyá ní kí wọ́n sin òun sí. Bí jíìpù tuntun náà ṣe ń wọ àgbàlá, wọ́n sáré mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn, torí àgbà kì í wo òkú àbúrò. Ọlátẹ́jú ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Lóòótọ́ ló fẹ̀. Ìyá ti na ẹsẹ̀ gbọọrọ.