Apoògùn Tí Ó Ń Ra Bọ́ọ̀lù Ní Méjì-Méjì

Ọkùnrin kan wà, awọnlẹ̀ ni, tí sùúrù rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè dúró nínú oòrùn láti àárọ̀ di ọ̀sán nítorí igun ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ó fi wọn ilẹ̀ fún ìjọba, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ kí ó pariwo rí. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rẹ́ kan, apoògùn ni. Ọ̀rẹ́ yìí ni ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù sọ ọ́ di wèrè.

Nígbà tí apoògùn fẹ̀yìn tì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, dókítà sì ní kí ó máa rìn. Kò fẹ́ràn ìrìn. Ó ní ẹni tí kò bá ní ibi tí ó ń lọ kò gbọdọ̀ máa rìn kiri bí ewúrẹ́. Awọnlẹ̀ bá mú un lọ sí pápá gọ́ọ̀fù tí ó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti ogún ọdún. Ó fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́. Ó fi bọ́ọ̀lù kékeré tí kò tó ẹyin adìẹ hàn án, ó sì na ọwọ́ sí àsíá kan lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ní ihò wà ní ìdí àsíá yẹn, ẹni tí ó bá fi ìgbá tí ó kéré jù gbá bọ́ọ̀lù wọ inú rẹ̀ ni ó borí. Apoògùn rin pápá náà já láìmọ̀ pé ìrìn ni òun ń rìn, inú rẹ̀ sì dùn.

Ó béèrè irú bọ́ọ̀lù tí òun yóò rà. Ìbéèrè rere ni, nítorí bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kì í ṣe irú kan. Òmíràn le, òmíràn rọ̀. Òmíràn a balẹ̀ kí ó tún máa sáré lọ, òmíràn a balẹ̀ kí ó dúró síbẹ̀. Awọnlẹ̀ fún un ní ìmọ̀ràn kan, ìmọ̀ràn tí ó padà kábàámọ̀:

"Má ra odindi páálí. Ra irú kọ̀ọ̀kan ní méjì tàbí mẹ́ta, kí o gbá a wò. Èyí tí ó bá bá ọ lọ́wọ́ mu, fi í ṣe tìrẹ."

Ọ̀rọ̀ náà bá apoògùn lára mu. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun ti ń ṣe sí oògùn tuntun ní gbogbo ọjọ́ ayé òun.

Obìnrin kan wà ní ẹnu ọ̀nà pápá náà, lábẹ́ igi kajú, tí ó ń ta bọ́ọ̀lù ní ẹyọ-ẹyọ. Inú kíréètì ẹyin ni ó ń tò wọ́n sí, irú kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Apoògùn á dúró níwájú kíréètì yìí bí ẹni tí ó ń yan ìyàwó fún ọmọ. Á mú méjì níhìn-ín, á mú méjì lọ́hùn-ún. Ó ní ìwé pélébé kan tí ó ń kọ ohun tí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ṣe sí.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ọdún kan kọjá. Kò sí irú bọ́ọ̀lù tí kò sí nínú àpò apoògùn, kò sì sí èyí tí ó ṣe tirẹ̀. Bí ó bá ti gbá ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta tí kò lọ bí ó ti fẹ́, ó ti parí pẹ̀lú ìyẹn. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa tú àpò, àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn á sì gbé ọwọ́ lé ìbàdí, wọn á máa wò wọ́n. Ojú a máa ti awọnlẹ̀. Wọ́n jọ lọ síbi ìsìnkú, apoògùn tẹ ẹnu mọ́ ọn létí, awọnlẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ olóògbé ni. Bọ́ọ̀lù ni. Irú kan ti dé láti Èkó.

Ohun tí ó sì ń dun awọnlẹ̀ jù ni pé òun mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Apoògùn kì í mú sùúrù kí ọ̀pá kan bọ́ọ̀lù kí ó tó gbójú sókè láti wo ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Bí ó bá ti gbójú sókè, èjìká rẹ̀ á ṣí, bọ́ọ̀lù á sì yà sọ́tùn-ún. Awọnlẹ̀ sọ fún un.

"Ọ̀rẹ́, o ń wòkè."

"Bọ́ọ̀lù yìí ló rọ̀ jù."

Ó tún sọ fún un ní oṣù kejì.

"Ọ̀rẹ́ mi, orí rẹ. Orí rẹ ni."

"Rárá o. Èyí ló le jù."

Kí ni ènìyàn yóò ṣe?

Ìdíje kan wà ní pápá náà lọ́dọọdún, ẹni méjì sí bọ́ọ̀lù kan. Bí èyí bá gbá a, èkejì ni yóò gbá a tẹ̀lé e. Awọnlẹ̀ kò gba ife ìdíje yìí rí láti ogún ọdún, orúnkún rẹ̀ sì ti ń bàjẹ́. Dókítà sọ fún un láìfi bò pé ọdún yẹn ni yóò gbá a mọ. Adájọ́ obìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá wá bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn jọ gbá a. Ó dúpẹ́, ó kọ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni òun yóò bá parí eré.

Ó ní àdéhùn kan ṣoṣo ni òun fẹ́: bọ́ọ̀lù irú kan ni àwọn yóò lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Apoògùn fi ọwọ́ sọ àyà, ó ní ó ti parí.

Ní ọjọ́ náà, nǹkan gún régé. Bọ́ọ̀lù apoògùn ṣì ń yà sọ́tùn-ún, ṣùgbọ́n nítorí pé irú kan náà ni, awọnlẹ̀ ti mọ bí yóò ṣe yà tó, ó sì ń tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n dé ihò tí ó kẹ́yìn, ìgbá kan ni wọ́n fi wà níwájú gbogbo ènìyàn. Odò kékeré kan wà níbẹ̀, apoògùn ni ó kàn láti gbá bọ́ọ̀lù sọdá rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ bọ́ọ̀lù kan tí ó pọ́n bí ìyeyè.

"Kí nìyẹn?"

"Obìnrin ìdí kajú ní ó ń fò ju gbogbo wọn lọ. Méjì péré ni mo rà láàárọ̀."

"A ti ṣàdéhùn."

"Odò yìí fẹ̀, Awọnlẹ̀. Jẹ́ kí n kàn dán an wò."

"Dán an wò? Níbí? Lónìí?"

Ó gbé e kalẹ̀. Ó gbá a. Ó wòkè. Bọ́ọ̀lù náà yà sọ́tùn-ún, ó sì rì sínú odò. Apoògùn mi orí.

"Ṣé o rí i? Èyí náà ò dáa."

Sùúrù ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n já níbẹ̀. Awọnlẹ̀ fa ìwé pélébé náà yọ nínú àpò ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ń kà á sókè lójú gbogbo ènìyàn. "Ó le jù, ó sá sọ́tùn-ún. Ó rọ̀ jù, ó sá sọ́tùn-ún. Ó fúyẹ́, ó sá sọ́tùn-ún. Ó wúwo, ó sá sọ́tùn-ún! Irú mọ́kàndínlógún! Ṣé gbogbo ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe bọ́ọ̀lù láyé yìí ni wọ́n jọ gbìmọ̀ sí ọ ni, àbí ọwọ́ kan náà ló gbá gbogbo wọn?"

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ìgbá kan ni wọ́n fi pàdánù ife náà. Awọnlẹ̀ ju ìwé náà padà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì tiro lọ sílé láì kí ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, apoògùn wá sílé rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

"Awọnlẹ̀, mo ka ìwé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣé o mọ̀ pé mi ò kà á rí? Mo kàn ń kọ ọ́ ni. Dárí jì mí. Kí ni mò ń ṣe?"

"Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń sọ ọ́ fún ọ."

"Tún un sọ."

Awọnlẹ̀ bínú títí, ṣùgbọ́n ó dìde. Wọ́n lọ sí pápá, ó jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ tí ó ń dùn ún, ó sì fi bọ́ọ̀lù irú kan ṣoṣo sílẹ̀ níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ilẹ̀ ni kí o máa wò. O tún wòkè! Padà. Mo ní o tún wòkè!" Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kọkànlá, bọ́ọ̀lù náà dìde, ó sì lọ tààrà bí ẹni tí a rán níṣẹ́. Apoògùn fò sókè bí ọmọdé. Awọnlẹ̀ yọ̀ fún un, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọjọ́ mọ́kànlá! Ohun tí ọjọ́ mọ́kànlá tó ṣe ni ọkùnrin yìí fi ọdún méjì wá kiri lábẹ́ igi kajú. Nígbà tí ìdíje ọdún kejì dé, adájọ́ obìnrin yẹn ni ó bá apoògùn gbá a. Orí àga ni awọnlẹ̀ ti wò wọ́n.

Akínbọ̀dé, má wolẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ilé-ìwé kẹrin rèé láàárín ọdún mẹ́ta tí o ti gbé Ìbídùnní ọmọ rẹ lọ. Ní àkọ́kọ́, o ní àwọn olùkọ́ ya ọ̀lẹ. Ní èkejì, o ní ọmọ pọ̀ jù ní kíláàsì. Ti ẹ̀kẹta, mi ò tilẹ̀ rántí ẹ̀sùn tí o fi kàn wọ́n mọ́. Mi ò ní kí o má dán nǹkan wò o. Ẹni tí kò bá dán nǹkan wò, ohun tí kò mọ̀ ni yóò kó wálé. Ṣùgbọ́n olùkọ́ mẹ́rin tí wọn kò mọ ara wọn rí ni wọ́n sọ ohun kan náà fún ọ, pé ọmọ yìí kì í lè da ohun tí àwọn bá kọ sójú pátákó kọ. O gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ilé-ìwé karùn-ún ni o tún wá sọ fún mi pé o ń wá.

Lánàá, ọmọ náà jókòó tì mí, ó ń ka ìwé, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé náà. Mo ní kí ó ka ohun tí ó wà lára kàlẹ́ńdà ògiri fún mi. Ó dìde, ó rìn dé ìdí ògiri, ó sì kà á gaara láìṣi ọ̀rọ̀ kan.

Má lọ wo ilé-ìwé kankan lọ́la. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣí ilé ìwòsàn ojú. Mú un lọ.