Igbá Tí Ìbídùn Fẹ́ Fọ́

Obìnrin kan wà ní ìlú Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ láyé àtijọ́, Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀. Òwú ni ó ń ran, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé òwú rẹ̀ kì í já. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí à ń sọ yìí, òwú ń já lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, ó ń já lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ó bá jókòó díẹ̀, á dìde. Bí ó bá dìde, á lọ sídìí ààrò, á gbójú sókè wo igbá kan tí ó so kọ́ sí àjà, á tún padà wá jókòó. Àwọn ará ilé ní bóyá inú ló ń run ún. Inú kò run ún. Orin kan ló ń sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹni tí ó ni orin náà ni ọkùnrin kan tí ó ti Ìrèsé wá tẹ̀dó sí Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, tí tọmọdé tàgbà sì ń pè ní Onírèsé. Igbá ni òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin fi ń kọrin, wọn kì í sì í lù ú bí àwọn ẹlòmíràn ti ń lu igbá. Onírèsé a mú ọ̀bẹ, a fín ẹ̀yìn igbá ní ìlà-ìlà, èyí jìn, èyí kò jìn, èyí gùn gbọọrọ. Wọn á wá fi òrùka irin sí ìka, wọn á máa fi ha ojú fínfín náà, igbá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Orin kọ̀ọ̀kan ló ní igbá tirẹ̀. Bí kò bá fín igbá tuntun, kò sí orin tuntun nìyẹn.

Ó ní àṣà kan tí n kò gbọ́ pé ó wà níbòmíràn. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé orin jáde, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n jó jù láàárín èrò ni Onírèsé yóò gbé igbá rẹ̀ fún, pé kí ó máa bá òun tọ́jú rẹ̀. Olúwarẹ̀ á so ó kọ́ sókè ààrò, kí èéfín má jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún fẹ́ kọ orin náà, wọn á ránṣẹ́ sí i kí ó gbé igbá wá. Báyìí ni àwọn alágbàtọ́ ṣe di ẹgbẹ́. Wọ́n sọ ara wọn ní Elétí-Dídùn, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni pé àwọn ni wọ́n bí Onírèsé.

Igbá ilé Ìbídùn, Akínbọ̀dé ọkọ rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ gbà á. "Ẹsẹ̀ Kì í Gbélé" ni orúkọ orin náà. Akínbọ̀dé kò ga, kò lẹ́wà bí alárà, ṣùgbọ́n orin yẹn ní ibì kan tí igbá ti máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó tún gbà á. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, ọkùnrin yìí á gbé ẹsẹ̀ òsì dúró lókè, á wo ojú Ìbídùn, á rẹ́rìn-ín, kí ó tó gbé e kalẹ̀. Ó kú, ó fi Ìbídùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ọdún iṣu, bí orin bá ti dé ibi ìdákẹ́ yẹn, Ìbídùn a tún rí ẹsẹ̀ òsì náà lókè. Ohun tí ó fi ń ti ọdún kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn.

Àfi bí Onírèsé ṣe rìnrìn àjò lọ sí ìhà etí òkun, tí ó sì gbé agídìgbo, àpótí orin kan, dé. Ó kó ọ̀bẹ fínfín sínú àpò, ó gbé àpótí náà lé itan, ó ń fi àtàǹpàkò ta ahọ́n irin rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Orin ìjókòó ni. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á dijú, wọ́n á máa mi orí. Ọdún iṣu mẹ́ta kọjá, kò ránṣẹ́ sí alágbàtọ́ kankan. Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin rẹ̀ fúnra rẹ̀ nídìí òwú. Ó ń kùn ún dáadáa títí yóò fi dé ibi ìdákẹ́ yẹn, á sì ṣìnà. Ẹ̀rù bà á. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ kú lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe ọdún iṣu kẹrin, àwọn Elétí-Dídùn pé sí ilé àgbẹ̀dẹ Ògúnrìndé, olórí wọn. Òun ló ń rọ òrùka fún ẹgbẹ́ Onírèsé tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí agídìgbo ti dé, kò rọ ẹyọ kan mọ́. Ahọ́n irin agídìgbo pàápàá, alágbẹ̀dẹ etí òkun ló rọ ọ́, èyí sì ń dun ún dé eegun.

"Ẹ rántí 'Òjò Bá Ẹlẹ́rù'?" ni ó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹ má rán mi létí!" Ṣẹ̀gílọlá tí ń ta ìlẹ̀kẹ̀ dá a lóhùn. "'Adìẹ Ìyá Ọkọ' ńkọ́? Ọjọ́ yẹn ni gèlè bọ́ lórí mi tí n kò mọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn nípa ìgbà tí nǹkan bàjẹ́. Ẹnì kan ní ọjọ́ tí Onírèsé fi agogo kún igbá ni. Ẹlòmíràn ní ìyàwó kékeré tó fẹ́ ni kò fẹ́ràn ariwo. Bàbá arúgbó kan ní tòótọ́ orin àkọ́kọ́ nìkan ló dára, pé ẹ̀dà rẹ̀ ni gbogbo ìyókù, ni gbogbo wọn bá kọjú ìjà sí i. Ìbídùn nìkan ni kò jókòó. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá wa, ẹ jókòó, òòyì ń kọ́ wa bí a ti ń wò yín," ni Ògúnrìndé wí. Ó dìde lẹ́bàá ẹwìrì. "Ẹ gbọ́. Lọ́la, kí olúkúlùkù gbé igbá rẹ̀, ká lọ bá a. Bí kò bá kọrin, a ó fọ́ igbá náà lójú rẹ̀. Igbá orin tí kò ké mọ́, ṣé ká máa fi bu omi ni?"

Ìbídùn kò fẹ́ kí igbá tirẹ̀ fọ́. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí Onírèsé bá rí i pé àwọn fẹ́ fọ́ ọ, àánú á ṣe é. Ó ní òun náà á lọ.

Nígbà tí oòrùn yọ, wọ́n bá Onírèsé lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, agídìgbo lórí itan.

"Ẹ kú ọdún, Baba."

"Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ṣé àlàáfíà lẹ fi kó igbá rẹpẹtẹ báyìí?"

"Ẹ fín òmíràn fún wa," ni Ògúnrìndé wí, "tàbí kí ẹ kọ èyí tó wà ńlẹ̀."

Onírèsé gbé àpótí sílẹ̀. "Ògúnrìndé, n kò fíngbá mọ́. N kò ní tàn yín. Ọwọ́ ò dùn mí, ojú ò sì fọ́. Etí mi ló ti ṣí kúrò níbẹ̀. Bí mo bá ní kí n fín in báyìí, irọ́ ni n ó máa fín."

"Ó dáa," ni Ògúnrìndé wí, ó sì la igbá rẹ̀ mọ́ òkúta. Ó là sí méjì. Ògúnrìndé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Ojú Onírèsé yí padà, ṣùgbọ́n kò dìde. "Igbá yín ni," ni ó wí. "Mo ti fún yín."

Ọ̀rọ̀ yìí bí Ìbídùn nínú ju kíkọ̀ lọ. "Baba, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń mú lọ!" ni ó kígbe. "Ọkọ mi ń bẹ nínú orin yìí! Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń rí i!" Ó gbé igbá sókè. Bí ó ti ń gbé e, òrùka idẹ tí Akínbọ̀dé rà fún un yọ̀ gba ojú fínfín náà kọjá. Igbá ké. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó tún ké.

Ìbídùn dúró gbọnin. Ibi ìdákẹ́ yẹn ni.

Ó jókòó sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọdún lára, ó gbé igbá lé itan, ó ń fi ìka wá a. Àwọn ìlà náà ń mú un lọ́wọ́ lọ. Láàárín wọn, ó kan ibì kan tó ń dán, tí ọ̀bẹ kò kàn rárá, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Onírèsé ti fi àyè sílẹ̀ fún ìdákẹ́ pàápàá. Ìbídùn fi òrùka ha á láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò dùn, ó ń fà, ó ń kọsẹ̀. Ó tún ha á. Ṣẹ̀gílọlá gbe orin lẹ́sẹ̀, àwọn yòókù gbè é. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìdákẹ́, Ìbídùn gbójú sókè, ó sì rí ẹsẹ̀ òsì kan lókè. Ẹsẹ̀ Onírèsé ni. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Báyìí ni Akínbọ̀dé ṣe máa ń gbé e, àbí?" ni ó bi í.

Ìbídùn ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Tirẹ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, Baba."

"Èmi ti darúgbó." Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ìgbà wo ni mo gba orin lọ́wọ́ yín? Ẹ̀yin lẹ so ó kọ́ àjà, tí ẹ ń retí mi."

Ògúnrìndé ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ṣa igbá rẹ̀. Wọ́n gán an padà, òwú Ìbídùn ni wọ́n fi rán ojú rẹ̀, òwú náà kò sì já. Ó ń dún gbẹ́rẹ́ níbi tí wọ́n ti rán an, àwọn ọmọ tó dàgbà lẹ́yìn ìgbà náà sì rò pé ara orin ni. Láti ọdún yẹn, àwọn alágbàtọ́ ló ń ha igbá wọn fúnra wọn nígbà ọdún iṣu. Ìbídùn kò fẹ́ràn agídìgbo títí ó fi kú. Ó ní ó dà bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn tí kò fẹ́ wọlé. Onírèsé náà kò sì mú ọ̀bẹ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n ní Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, wọ́n ṣì ń gbé ẹsẹ̀ òsì dúró níbi ìdákẹ́ "Ẹsẹ̀ Kì í Gbélé".

Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí àwọn àgbà ń pa lówe, pé bí Onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun.