Òfin Ẹlẹ́sẹ̀ Amọ̀ ní Ojúde Ìdí-Amọ̀

Ẹ̀yin ọmọ Ìdí-Amọ̀, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́. Àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wo ojúde ààfin wa. Wọ́n á fọwọ́ pa àwọn òpó, wọ́n á gbójú sókè wo àwòrán ara ògiri, wọ́n á wá béèrè pé ọba wo ló kọ́ ọ. Àwọn kan nínú yín a sì dá wọn lóhùn pé Adéṣìgbìn ni. Irọ́ ni. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lóòótọ́, Adéṣìgbìn ló kó wa dé ibí, Adéṣìgbìn ọmọ a-rìn-jìnnà-má-sọ-adé-nù, tí wọ́n fi oyè baba rẹ̀ dù tó fi bínú jáde nílé. Ìyá arúgbó kan, abọrẹ̀ Ọbàtálá, ló júwe ọ̀nà fún un: "Ẹ máa lọ títí ẹ ó fi rí ibi tí àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti ń bu amọ̀ kọ́lé. Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀dó sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ po amọ̀ náà ni yóò ni ojúde ibẹ̀."

Wọ́n rí amọ̀ náà. Ọmọ ọba wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní òun kò ní fi ẹsẹ̀ tí a so iyùn mọ́ wọ ẹrẹ̀. Ọ̀jẹ̀wùmí, mọlémọlé tó bá a wá, ló pò ó, òun àti Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Baba ń mọ ògiri, ọmọ ń rẹ́ ẹ, ó ń fi ìka ya alápàáǹdẹ̀dẹ̀ sí i lára. Kí iṣẹ́ tó parí, Ọ̀jẹ̀wùmí já bọ́ láti orí ògiri, ó kú, wọ́n sì sin ín sí ìdí òpó àkọ́kọ́. Ìbídùn nu ojú rẹ̀, ó parí iṣẹ́ baba rẹ̀.

Ojúde náà wá di àpéwò. Àwọn ọba ìlú mìíràn wá wò ó, Adéṣìgbìn, tó ti di ọba, sì nawọ́ sí òpó, ó ní, "Èmi ni mo kọ́ gbogbo èyí." Ìbídùn wà níbẹ̀ tó ń gbọ́. Inú bí i gidigidi.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ọba tún pàṣẹ pé ẹlẹ́sẹ̀ amọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba ojúde kọjá mọ́, kí wọ́n má baà kó ìdọ̀tí bá àwọn àlejò òun. Nígbà tí Ìbídùn gbé omi lọ sí sàréè baba rẹ̀ láàárọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ dá a padà. Wọ́n lé ọmọ kúrò nínú ojúde tí baba rẹ̀ tìtorí rẹ̀ kú. Ẹ ò rí ìwọ̀sí.

Ọdọọdún, kí òjò tó dé, ni àwọn mọlémọlé máa ń tún ògiri rẹ́. Lọ́dún yẹn, Ìbídùn sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé, "Wọ́n ní ẹsẹ̀ wa dọ̀tí. Ẹ jẹ́ ká jókòó sílé."

Òjò dé. Àwọn ẹyẹ ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sílẹ̀. Ìbídùn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń wò wọ́n, ó ń sunkún, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Nígbà tí ògiri ààfin là, ọba fúnra rẹ̀ wá.

"Ìbídùn, mo bẹ̀ ọ́, wá tún un ṣe."

"Kábíyèsí, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ẹ wá po amọ̀ rẹ̀."

Àwọn ìjòyè ní ó ṣàfojúdi. Òjò kò gbọ́ tiwọn. Ọba tú iyùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ ẹrẹ̀, ó po amọ̀ títí ìbàdí fi ń ro ó. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó kọrí sí ojúde kó lè lọ sinmi láàfin. Ìbídùn dí ẹnu ọ̀nà ojúde.

Ó ní, "Kábíyèsí, ẹlẹ́sẹ̀ amọ̀ kì í gba ibí. Òfin yín ni."

Ọba dúró nínú òjò, gbogbo ìlú ń wò ó. Ó ní, "Ojúde Ọ̀jẹ̀wùmí ni. Mo tọrọ ọ̀nà."

Ìbídùn ní kó wọlé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, ó lọ tààrà sí ìdí òpó baba rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìlú yìí fi ń jẹ́ Ìdí-Amọ̀, tí kò jẹ́ Ilé-Adé tí Adéṣìgbìn fẹ́ sọ ọ́. Bí àlejò bá tún béèrè, ẹ mú un lọ sí ìdí òpó àkọ́kọ́. Títí dòní, ẹni tí a bá fẹ́ fi jọba yóò kọ́kọ́ po amọ̀ lójú gbogbo wa, yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ojúde títí àgbà obìnrin ilé Ìbídùn yóò fi ní kó wọlé. A kì í fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí a tó dé e ládé.