Ilé Tí Wọ́n Ń Fi Hàn Lọ́jọ́ Ìsinmi

Ọkùnrin kan wà ní ìlú yìí tó ń bá àwọn onílé wá ayálégbé. Fọlárìn, fara balẹ̀ kí o gbọ́ ọ, nítorí mo mọ̀ pé ìwàǹwára wà lára rẹ. Ejẹ́ǹtì ilé ni àwọn ènìyàn ń pe ọkùnrin náà. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà ní oríta ni ọ́fíìsì rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò sì rọrùn rárá. Onílé á ní òun kò fẹ́ àpọ́n, òun kò fẹ́ ọlọ́mọ púpọ̀, òun kò fẹ́ ẹni tó ń fi igi dáná. Ẹni tó ń wá ilé á ní òun fẹ́ èyí tó tóbi, tó tutù, tó sún mọ́ ọjà, tí kò sì wọ́n. Ejẹ́ǹtì á dúró láàárín wọn, á máa rẹ́rìn-ín sí ọ̀tún, á máa rẹ́rìn-ín sí òsì, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi máa dùn ún.

Ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó mọ̀ jù níbẹ̀ ni pé gbogbo ilé ló ní wákàtí ẹwà tirẹ̀. Ilé tí oòrùn ọ̀sán ń sọ di ààrò, àárọ̀ kùtù ló ń mú ènìyàn lọ wò ó. Ilé tí àgbàrá ń wọ̀, inú ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń polówó rẹ̀. Èyí tí kànga rẹ̀ máa ń gbẹ, ó di ìgbà òjò kó tó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jáde. Kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ènìyàn bá bi í bóyá omi wà, á ní, “Ẹ wo inú kànga fúnra yín.” Omi á sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọgbọ́n iṣẹ́ ló ń pe èyí, àwọn ejẹ́ǹtì ẹgbẹ́ rẹ̀ náà sì ń kan sáárá sí i.

Ìyá onílé kan wà ní àdúgbò náà, opó tó ti dàgbà, tí àwọn onílé yòókù máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní ilé oníyàrá méjì kan tó fi ń háyà. Ó kun ilé náà dáadáa, ó gbin òdòdó sí iwájú rẹ̀. Àléébù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ògiri ilé náà àti ògiri ilé ẹ̀rọ ìlọta fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lọ ata, ẹ̀wà, àgbàdo àti èlùbọ́ níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá ti bẹ̀rẹ̀, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló máa ń dákẹ́, nítorí ẹni tó ni ín kì í fi ọ̀rọ̀ ìsìn ṣeré.

Ìwọ náà ti mọ ọjọ́ tí ejẹ́ǹtì wa ń mú ènìyàn lọ wo ilé náà. Bó bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tòun ti agbádá rẹ̀, ọ̀hún ló ń gbà lọ. Á ṣí fèrèsé, á ní, “Ẹ gbọ́ bí ibí ṣe dákẹ́.” Àwọn ẹyẹ á sì máa ké lórí igi bí ẹni pé wọ́n ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Olùkọ́ kan ló kọ́kọ́ kó wọlé. Kò pẹ́ tó fi kó jáde. Ó ní òun ti ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun láìmọ̀, nítorí bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé nìyẹn. Tọkọtaya tuntun ló tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó yẹ kí wọ́n sọ sí ara wọn létí, igbe ni wọ́n ń fi sọ ọ́, bí ẹ̀rọ bá sì dákẹ́ lójijì, àwọn tó wá lọ ata á máa bá wọn ṣe àmín. Ojú ti ìyàwó títí, kò lè gba iwájú ilé ẹ̀rọ kọjá mọ́. Àwọn náà kó lọ. Lẹ́yìn wọn ni nọ́ọ̀sì kan dé, tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó sì yẹ kó máa fi ọ̀sán sùn. Nígbà tí òun náà ní òun ń lọ, ìyá onílé ránṣẹ́ pe ejẹ́ǹtì.

Ó ní, “O ti sọ ilé mi di ilé ìtura, wọ́n ń wọ̀, wọ́n ń jáde. Àwọn ènìyàn ti ń bi mí bóyá iwin ló wà níbẹ̀. Ẹni tí o bá tún mú wá, tó bá tún kó jáde, ìwọ náà kó jáde nínú ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. Màá sì sọ fún gbogbo onílé àdúgbò yìí kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ wọn lọ́wọ́ rẹ.”

Obìnrin náà kì í sọ ohun tí kò ní ṣe. Àdúgbò yẹn ni ọkùnrin yìí ti ń jẹun, òun àti aya àti ọmọ, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

Ó lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò bú u. Ó gbé àga fún un, ó ní, “Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, sà.” Ẹ̀rọ wà lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin náà ń sọ̀rọ̀, ejẹ́ǹtì ń wo ẹnu rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè bu epo sí i, ó béèrè ohun tó ń sọ.

Nọ́ọ̀sì ní, “Àdúrà ni mo ń gbà fún yín. Mo ní kí ẹni tó máa bá ọmọ yín wá ilé lọ́jọ́ iwájú má ṣe gbọ́n tó yín.”

Ejẹ́ǹtì kò lè ṣe àmín, kò sì lè ṣàìṣe é. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó lọ sílé. Àdúrà náà dùn ún ju èébú lọ. Kó tó sùn, ó ti pinnu pé láti ọjọ́ náà lọ, wákàtí tí ilé bá burú jù lòun á máa mú ènìyàn lọ wò ó.

Má rò pé ìdùnnú ló kọ́kọ́ tẹ̀lé e, Fọlárìn. Ìyà ló tẹ̀lé e. Ó ń mú àwọn ènìyàn wá láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ ń ké. Àwọn kan kò dé yàrá kejì. Ọkùnrin kan kò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tó gbé e wá, ó kàn juwọ́ sí ọlọ́kadà pé kó yí orí padà. Ọ̀kan nínú àwọn ejẹ́ǹtì ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́ igi. Ó ní, “Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ta ló ń ta iṣu tó ń fi ibi tó ti jẹrà han oníbàárà?” Nígbà tí ìyá onílé rí i pé ilé ṣófo, ó ní bí oṣù bá parí tí òun kò rí ayálégbé, òun á gbé kọ́kọ́rọ́ fún ejẹ́ǹtì kejì yẹn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn nínú oṣù náà, ọkùnrin kan tó múra dáadáa wá sábẹ́ igi. Ó ní òun ń wá ilé oníyàrá méjì ní kíákíá. Ejẹ́ǹtì sọ bí ilé náà ṣe rí fún un, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní, “Ọ̀la lẹ́yìn ìsìn ni ọwọ́ mi máa dilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó lọ́la.”

Ọ̀la, ọjọ́ Ìsinmi. Ejẹ́ǹtì kò ṣe nǹkan kan, kò bẹ ẹnikẹ́ni, oníbàárà fúnra rẹ̀ ló mú ọjọ́. Ẹyẹ á ké, ọkùnrin náà á sanwó, ìyá onílé á dákẹ́, ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ á dákẹ́. “Bẹ́ẹ̀ ni” ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Bí ẹ bá wo ilé yìí lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ò tíì wò ó. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé, ní ọ̀sán gangan.”

Ọjọ́ Ajé náà gan-an ni oṣù máa parí. Inú ọkùnrin náà kò dùn sí i, ṣùgbọ́n ó gbà.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé pé, wọn kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rọ ti ń ké. Ejẹ́ǹtì nawọ́ sí ògiri. Ó fi igbe sọ ọ́ sí i létí pé, “Ohun tó ń ṣe ilé yìí nìyẹn. Àárọ̀ títí dalẹ́ ni. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń sinmi.” Ọkùnrin náà wọlé. Ó fọwọ́ kan ògiri. Ó ti fèrèsé, ó tún ṣí i. Ó wọ yàrá kejì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ejẹ́ǹtì rò pé ariwo ti yí ọkùnrin ọlọ́kùnrin lórí.

Ọkùnrin náà dìde, ó lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé àpótí kan wọlé. Ó mú fèrè onídẹ kan tó ń dán jáde níbẹ̀, ó gbé e sẹ́nu. Ejẹ́ǹtì rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó rí i tí iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n ohùn fèrè náà kò ju ti yànmùyánmú lọ. Ó ń fun ún láti ojú fèrèsé síta. Ẹni tó ń lọ ata kò gbójú sókè.

Nígbà tí wọ́n rìn dé ibi tí wọ́n ti lè gbọ́ ara wọn, ọkùnrin náà ní, “Afunfèrè ni mí, mo sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíì. Kò sí ọjọ́ tí mi ò gbọ́dọ̀ fun ún. Gbogbo ilé tí mo ti gbé ni wọ́n ti lé mi jáde. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí mo wá bá yín, inú búùtù ọkọ̀ ni mo fi í pamọ́ sí. Mo ti pinnu pé ẹ ò ní mọ̀ títí màá fi kó wọlé. Ká ní ẹ mú mi wá lánàá ni, màá sọ fún yín pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí.”

Ejẹ́ǹtì ní, “Èmi náà á sì sọ fún yín pé ilé jẹ́jẹ́ ni.”

Àwọn méjèèjì di ara wọn mú lójú títì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ejẹ́ǹtì rántí ọjọ́ tí ẹ̀rọ ń sinmi, ó béèrè rẹ̀. Afunfèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì lòun ti ń fun ún lọ́jọ́ yẹn, pé kí òun tó padà sílé, ètè òun á ti kú tán.

Wọ́n lọ bá ìyá onílé, wọn kò sì fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Ìyá wo ọkùnrin náà sókè, ó wò ó sílẹ̀. Ó ní, “Ṣé o mọ orin ìyìn?” Afunfèrè bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan. Kò tíì dé ìdajì tí ìyá fi gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ fún ejẹ́ǹtì mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó ní kó kó wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Afunfèrè ṣì wà nínú ilé náà títí di òní. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ á dákẹ́ lójijì nítorí epo, òun kò sì ní mọ̀, ohùn fèrè á wá gba gbogbo àdúgbò kan. Àwọn tó gbé ata wá á sì jó díẹ̀ kí wọ́n tó tún máa bá iṣẹ́ lọ. Ní ti ejẹ́ǹtì wa, láti òdìkejì ìlú ni wọ́n ti ń wá a báyìí. Wọ́n ń béèrè ẹni tó ń sọ àléébù ilé kó tó sọ ẹwà rẹ̀.

Fọlárìn, mo ti gbọ́ ohun tí o wá bẹ̀ mí. O ní kí n máa ránṣẹ́ pe ìyá rẹ wá sọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọjọ́ tí àfẹ́sọ́nà rẹ bá ń bọ̀ wá kí ọ, kí ọmọbìnrin náà má bàa gbọ́ ariwo ẹnu ìyá rẹ kó tó di ìyàwó ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ni ìyá rẹ. Mo ti mọ ẹnu wọn kí a tó bí ọ, mi ò sì ní purọ́ fún ọ pé yóò rọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní pè wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n wà nílé, má sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́. Bí ọmọbìnrin náà bá máa sá, ó sàn kó sá nísinsìnyí tí aṣọ rẹ̀ kò tíì wọ inú yàrá rẹ. O sọ fún mi pé ìyá tirẹ̀ ti kú láti kékeré, pé kò sí ẹni tó ń bá a wí nínú ilé tó ti dàgbà. Ta ló sọ fún ọ pé ilé tó dákẹ́ ló ń wá? Lọ bi í, kí ìyá rẹ sì wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń dáhùn.