Ẹnu Tí Àfòpiná Fi Dógò

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àbí oorun ti ń kùn yín ni? Ẹ dáhùn bí ọmọ tó jẹun alẹ́! Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀ o!"

Ẹ̀hẹ́n. Ẹ fi àfòpiná ìdí àtùpà yẹn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni èmi ìyá yín àgbà fẹ́ sọ.

Ní ìgbà kan rí, kí àfòpiná ńlá tó ní ìyẹ́, kòkòrò tó ń wọ́ lórí igi ìyeyè ni. Ó ń jẹ láàárọ̀, ó ń jẹ lọ́sàn-án. Ó jẹ ewé títí igi fi di ìhòòhò.

Nígbà tó yá, ó fẹ́ kọ́ ilé òwú tí yóò sùn sí. Kò mọ̀ ọ́n kọ́. Ló bá bẹ Aláǹtakùn àtàwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ àwọn tó wá ṣe é.

"Ìyá Àgbà, ta ló dáná?"

Òun náà ni, Fádérera. Ìwọ àti ìbéèrè! Ó gbé ìkòkò àsáró kaná, Aláǹtakùn àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń kọ́lé, wọ́n sì ń pè é.

"Àfòpiná, oúnjẹ dà?"

"Ó ń bọ̀. Iyọ̀ ni mò ń tọ́ wò."

Ó bu ìgbákọ kan, ó jẹ ẹ́.

"Àfòpiná, oúnjẹ dà?"

"Ó ń bọ̀! Ata ni mò ń tọ́ wò."

Ó bu ìgbákọ mẹ́ta.

"Háà! Ó máa jẹ ẹ́ tán!"

Àlàní, ṣé ìwọ lò ń pàlọ́ ni? Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìdí ìkòkò.

Inú bí Aláǹtakùn. "Irú kí lèyí? Láti òwúrọ̀, àwọn ọmọ mi ò fẹnu kan nǹkan! O ò ní wọ ilé yìí!"

Òjò sì ti ṣú. Bí òjò bá bá kòkòrò yẹn níta, ó kú nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá jí, màá se ìkòkò méjì."

"Kí lo máa fi dógò?"

"Ẹ gba ẹnu mi. Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe? Mo ti yó."

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ yó lánàá, ṣé ẹ ò jẹun lónìí?

Wọ́n gba ẹnu, ó wọlé, ó sùn. Ìgbà tó jáde, ó ti ní ìyẹ́ tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Ebi sì dé. Ó fò lọ bá Aláǹtakùn, ìyẹn bi í pé:

"Oúnjẹ wa dà?"

Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Ẹnu wo ni yóò fi bẹ̀bẹ̀?

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀, o dákẹ́! O tún ń fojú di mí?" Aláǹtakùn ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Ló bá ń fò kiri, ó ń wá iná tí yóò fi se ìkòkò méjì yẹn. Gbogbo iná tó bá rí ló ń sáré bá, iná sì ń jó o. Kò tó ọjọ́ méje, ebi pa á.

Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀, kó bọ́ àwọn tó bá a ṣe é. Ẹni tó bá sì yó, kó rántí pé ebi ń bọ̀.

Ibi tí mo gbọ́ ọ dé nìyí. Bí mo bá parọ́, kí ẹnu mi má ró. Pó, pó, pó! Ó ró. Ó yá, ẹ lọ sùn, ẹ ti dá mi lágara.